Gíláàsì Iwájú Ọ̀kadà Oyèkúnlé

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Ọlọ́kadà tó ń wo iwájú nìkan náà yóò rí nǹkan rù.

Ọyẹ́ ló mú kí Oyèkúnlé de gíláàsì mọ́ iwájú ọ̀kadà rẹ̀. Atẹ́gùn kò lù ú lójú mọ́, ló bá ń súfèé lọ. Ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ló gbé sẹ́yìn lọ́jọ́ náà. Wọ́n ń lọ dá ọjọ́ ìgbéyàwó lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá, olórí ẹbí. Kò mọ̀ pé ṣe ni atẹ́gùn ń gba orí òun kọjá, tó ń lu ìyá lójú.

Nígbà tí wọ́n dé, eruku ti kun ìyá bí àtíkè, gèlè kò sì sí lórí rẹ̀ mọ́.

“Màmá, ẹ ò rí i pé ọyẹ́ ò mú wa lónìí?” ni Oyèkúnlé bèèrè láì tíì wo ẹ̀yìn.

“Ìwọ ni kò mú. Mo gbá ọ léjìká títí, o rò pé mo ń lu ìlù sí ìfé tí ò ń sú ni.” Ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tíì dá ọjọ́ kankan. Ẹni tó fẹ́ gbé ọmọ mi sẹ́yìn gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹnìkan wà lẹ́yìn.”

Oyèkúnlé tú gíláàsì, ó pọ̀n ọ́n bí ọmọ, ó padà lọ wá gèlè. Orí igi ẹ̀gẹ́ ló ti rí i. Nígbà tó dé, omijé ń dà lójú rẹ̀.

“Ta ló nà án?” ni ẹ̀gbọ́n ìyá bèèrè.

Ìyá gba gèlè, ó gbọ̀n ọ́n. “Atẹ́gùn ni. Ẹ dá ọjọ́ wàyí.”