Ẹni Tó Ra Eré Tí Kò Ra Ìdúró

"Ẹni tó ra eré tí kò ra ìdúró, ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíì ni yóò ti dúró." Ẹ̀yin tí ẹ ń fi òwe yìí gún ara yín lára, ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀? Òkè-Ìsàyà ni, ìlú tó jẹ́ pé bí ọsàn bá bọ́ lọ́wọ́ ọmọ lókè, etí odò ni yóò ti lọ mú un.

Ajíbọ́wọ̀ ọlọ́kadà ló ní kí Sùbérù, mẹkáníìkì ìsàlẹ̀ òkè, yọ ẹ́ńjìnnì epo inú ọ̀kadà òun, kó sọ ọ́ di oníbátìrì. Sùbérù ṣe é. Ó wá gbé bíréèkì aláwo jáde, ó ní òun ló kù fún táyà iwájú.

"Bíréèkì kí ni?" Ajíbọ́wọ̀ bú jáde. "Èyí tó wà lẹ́yìn ńkọ́? Ìgbà wo ni kò dá mi dúró rí?"

"Ẹ̀gbọ́n, òun nìkan kọ́. Bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹ ó já jíà sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì á bá yín di táyà mú. Ní báyìí, kò sí ẹ́ńjìnnì, kò sí jíà, bátìrì sì wúwo bí òkú ẹran."

Orí Ajíbọ́wọ̀ gbóná. Fèrè kan tó ń kọ bí àkùkọ ló ti wọ̀ ọ́ lójú.

"Olè! Mo ní kí o ṣe ohun tó ń sáré, o fẹ́ ta ohun tó ń dúró fún mi! Fèrè yẹn ni kí o so mọ́ ọn. Bí ẹsẹ̀ mi bá tún tẹ ọgbà yìí, kí wọ́n má pè mí lọ́mọ bàbá mi mọ́!"

"Ẹ máa gbé e lọ!" Sùbérù náà fara ya. "Ẹ ṣáà má gbé èèyàn sẹ́yìn!"

Ta ni Ajíbọ́wọ̀ kọ́kọ́ gbé sẹ́yìn? Ìyá tó bí i lọ́mọ. Ọ̀kadà ń lọ jẹ́jẹ́, kò pariwo, kò rú èéfín, màmá ń súre. Wọ́n dé ibi tí òkè ti dà gẹ̀rẹ́. Ajíbọ́wọ̀ na ẹsẹ̀ òsì láti já jíà, bó ti ń ṣe látọjọ́ tó ti ń gun ọ̀kadà. Afẹ́fẹ́ ló tẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Afẹ́fẹ́! Ó tẹ bíréèkì ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, bíréèkì ké kíìì, kò dúró. Fèrè nìkan ló kù. "Kékeréékèèè!" Ewúrẹ́ sá, pásítọ̀ sá, ìre ẹnu màmá di èpè.

Gbùrù! Wọ́n já ọgbà páànù kan wọlé, wọ́n rì sínú òkìtì táyà àlòkù. Sùbérù tó ń jẹ ẹ̀bà ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ gbójú sókè.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ ta ni kí n máa pè yín báyìí?"

Ajíbọ́wọ̀ fò dìde, ó di ìkúùkù. "Ìwọ lo ba ọ̀kadà mi jẹ́!"

Gbàà! Ìgbátí ló dún, etí Ajíbọ́wọ̀ ló sì dún sí. Ọwọ́ ọ̀tún màmá ti ṣẹ́, ó ń rọ̀ dirodiro. Òsì ló fi gbá ọmọ rẹ̀.

"O ra eré, o ò ra ìdúró! Ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíì lo ti wá dúró! Bó bá jẹ́ kànga ló wà níbí ńkọ́, ìwọ ọmọ yìí?"

Ajíbọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀yìn ara rẹ̀ ló fi pọn ìyá rẹ̀ lọ sílé oníṣègùn eegun, gbogbo ọmọ àdúgbò sì ń kọ bí àkùkọ tẹ̀ lé e.

Látìgbà náà, bí ẹnì kan bá ń dáwọ́ lé nǹkan ńlá, tó sì ń bínú sí ẹni tó bi í pé báwo ni yóò ṣe dúró, òwe yìí ni àgbà ń pa fún un. Bí wọ́n bá pa á fún ìwọ náà, má fara ya. Wo ìsàlẹ̀ òkè, kí o wo ẹ̀yìnkùlé ẹni tó wà níbẹ̀.