Káàdì Àǹtí Fèyí

Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ọjọ́ pẹ́ tí Ìyá Bọ́sẹ̀ ti ń pa òwe yìí fún ọmọ ọlọ́mọ, àmọ́ àárọ̀ Kérésìmesì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé òun fúnra rẹ̀.

Àǹtí Fèyí ni aránṣọ àdúgbò wọn. Bó bá rán aṣọ tán, á bẹ oníbàárà pé kó fi àgékù rẹ̀ sílẹ̀ fún òun. Gbogbo wọn ló ń fi sílẹ̀, àfi Ìyá Bọ́sẹ̀.

"Ẹ̀yin aránṣọ! Ṣé kí o lè fi rán bùbá fún ọmọ rẹ ni?"

Á ṣa gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá, títí kan èyí tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, á sì gbé e lọ.

Ní àárọ̀ Kérésìmesì, Àǹtí Fèyí gbé apẹ̀rẹ̀ kan dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Káàdì ló kún inú rẹ̀, èyí tó ti ń fi páálí àlòkù ṣe láti oṣù kìíní. Àgékù aṣọ oníbàárà kálukú ló fi ṣe ẹyẹ àti ìràwọ̀ sára káàdì tirẹ̀, ó sì ń pín wọn fún wọn.

"Yéè! Léèsì ìkómọ mi rèé!" ni obìnrin kan ké.

Bàbá arúgbó kan ń fi ìràwọ̀ ankará rẹ̀ han gbogbo ayé.

Káàdì Ìyá Bọ́sẹ̀ nìkan ló funfun báláú.

"Ẹ má bínú, mà," ni Àǹtí Fèyí wí, "mi ò rí aṣọ yín lò ni."

Ìyá Bọ́sẹ̀ wo káàdì náà títí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó tú gèlè tuntun orí rẹ̀, ó nà án sí i.

"Fèyí, mú àlùmọ́gàjí rẹ jáde. Gé e létí kan, kí n tó wọlé!"