Ìfági Tí Kò Ṣe É Tà

Ohun tí a ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Ìyá Fadérera ló kọ́ ọ lówe yìí, kì í sì í ṣe ẹnu ló fi kọ́ ọ.

Nígbà tí bàbá wọn tó jẹ́ káfíńtà kú, Fadérera ya fọ́tò bẹ́ńṣì iṣẹ́ rẹ̀ àti ìfági rẹ̀, ó gbé wọn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún títà. Ìyá ló dá iye lé wọn, iye tó tó ra ilẹ̀.

"Ṣé wúrà ni?" làwọn èèyàn ń bi wọ́n. Síbẹ̀ wọ́n ń wá wo ọjà náà. Bí oníbàárà bá ti dé, ìyá á ní, "Ẹ fi ìfági fá pákó yìí wò ná." Á wá kọjú sí ògiri, á máa gbọ́ bí ìfági ṣe ń dún. Wọn á ná an, kò ní gbà, wọn á bínú lọ. Èérún pákó tó já sílẹ̀, kì í jẹ́ kí Fadérera gbá a dànù.

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan fá pákó tán, ó ní, "Mo gbà, ìyá. Mà á san gbogbo ẹ̀."

Inú Fadérera dùn. Ṣùgbọ́n ìyá ò yíjú kúrò lára ògiri.

"Bí ẹ bá gbé e lọ, kí ló máa wá dún nínú ilé yìí?"

Ìgbà yẹn ló yé Fadérera. Ó bẹ ọkùnrin náà pé kó má bínú, àwọn ò tà á mọ́, ó gba ìfági lọ́wọ́ rẹ̀, ó tì í lórí pákó. Ìfági há, ó sì han gooro.

Ìyá rẹ́rìn-ín tòun tomi lójú.

"Bó ṣe ń dún gan-an nìyẹn nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ bàbá ẹ. Kò tíì mọ iṣẹ́ nígbà náà."