Kókó Tí Ọ̀gá Ta

Ọkùnrin kan ń bẹ ní ilẹ̀ kan tí òtútù ti máa ń sọ omi di òkúta, ohun tí ọkùnrin náà sì fẹ́ràn jù láyé ni kí ó máa gun omi náà. Fara balẹ̀, Àwẹ̀ró. Mo ti gbọ́ ẹjọ́ tí o wá rò, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì ti gbọ́ ọ láti àárọ̀. Jẹ́ kí n sọ ti ọkùnrin yìí lẹ́ẹ̀kan péré, lẹ́yìn náà kí á padà sórí tìrẹ.

Ní ilẹ̀ yẹn, omi a máa já láti orí àpáta gíga gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń já níbòmíràn. Ṣùgbọ́n bí òtútù bá dé, omi náà yóò dì mọ́ ara àpáta, yóò dúró gbagidi bí ògiri láti òkè dé ilẹ̀. Ẹlòmíràn yóò rí i, yóò ki ọwọ́ bọ àpò, yóò wá iná lọ. Àwọn ọkùnrin àti obìnrin kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn a wọ bàtà eléyín irin, wọn a mú àáké kékeré kọ̀ọ̀kan sí ọwọ́ méjèèjì, wọn a sì máa ṣá yìnyín náà gùn díẹ̀díẹ̀ títí wọn yóò fi dé orí rẹ̀. Má bi mí léèrè ohun tí wọ́n ń wá lọ síbẹ̀. Kò sí oúnjẹ lókè yẹn, kò sí èso, ẹmu kò sì sí. Bí wọ́n bá débẹ̀ tán, wọn a tún sọ̀ kalẹ̀ ni.

Ẹgbẹ́ ni wọ́n. Wọ́n ní ilé onípákó kan nítòsí àpáta náà, níbi tí wọ́n ti ń mu tíì gbígbóná, tí wọ́n sì ń sọ ti ọjọ́ tí yìnyín ya lábẹ́ ẹsẹ̀ lágbájá, àti ọjọ́ tí ìjì dá tàmẹ̀dù dúró sí agbedeméjì òkè láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Wọn a máa fi í rẹ́rìn-ín. Ara ilẹ̀kùn ilé náà ni wọ́n kọ orúkọ àwọn tí kò padà wá sí. Orúkọ mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, wọ́n sì ń gba ẹnu ilẹ̀kùn yẹn kọjá lárààárọ̀.

Ọkùnrin tí mo ń sọ yìí ni ọ̀gá wọn. Òun ló kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Orúkọ keje lára ilẹ̀kùn náà sì jẹ́ ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, ẹni tí wọ́n jọ dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀.

Ìwọ náà mọ ẹlẹ́mu. O mọ̀ pé kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kúrò nílẹ̀, yóò fi ara ti igbà rẹ̀ sẹ́yìn, yóò dán an wò. Àwọn wọ̀nyí náà ní igbà tiwọn: bẹ́líìtì fífẹ̀ kan tí wọ́n ń sán mọ́ ìdí, àti okùn gígùn kan tó gba inú òrùka irin lókè àpáta kọjá, tó sì tún padà sílẹ̀. Ẹni tó ń gun òkè yóò so orí okùn kan mọ́ bẹ́líìtì rẹ̀, ẹnìkejì rẹ̀ yóò di orí kejì mú nílẹ̀. Bí ẹni òkè bá dé òpin, yóò ju ara sẹ́yìn, ẹni ilẹ̀ yóò sì máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Gbogbo rẹ̀ wá kù sọ́wọ́ kókó kan. Wọn a ta kókó sára okùn, wọn a ki orí rẹ̀ bọ inú bẹ́líìtì, wọn a sì dá a padà kí ó tọ ojú ọ̀nà kókó àkọ́kọ́. Ẹni tí kò bá dá a padà, okùn rẹ̀ yóò fara jọ èyí tó so. Yóò bá a dé òkè láìṣe nǹkan kan, nítorí kò tíì sí ẹrù lórí rẹ̀. Ìgbà tó bá gbára lé e ni yóò yọ.

Bí ọ̀rẹ́ ọ̀gá ṣe kú nìyẹn. Ó ń ta kókó lọ́wọ́ ni ẹnìkan bá na ife tíì sí i. Ó gba tíì, ó mu ún, ó dúpẹ́, ó sì gun òkè lọ. Ìyàwó rẹ̀ gbé ọmọbìnrin ọlọ́dún méjì wá síbi ìsìnkú. Níbẹ̀ ni ọ̀gá ti sunkún débi tí wọ́n fi dì í mú, ibẹ̀ náà ló sì ti ṣe òfin. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀ àfi bí ẹnìkejì rẹ̀ bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa kókó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí ó sì sọ ọ́ sókè pé òun fà á, ó mú. Òfin gidi ni. Fún ogún ọdún, yìnyín pa nínú wọn, ìjì pa nínú wọn, ṣùgbọ́n kókó kò tún pa ẹnikẹ́ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí ti ń sú mi nìyí. Ní ọdún àkọ́kọ́, wọ́n ń fa kókó ọ̀gá bí wọ́n ṣe ń fa ti gbogbo ayé. Nígbà tó yá, òkìkí rẹ̀ kàn, irun rẹ̀ funfun, àwọn tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kan ṣoṣo kàn án bí ẹni ń kí i. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn kò kàn án mọ́ rárá. Wọn a ní, "Tiyín kò nílò rẹ̀, Bàbá." Ó yẹ kí ó bá wọn wí. Kò bá wọn wí; ó dùn mọ́ ọn ni. Bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ kò yé fa tiwọn, a sì máa fà á débi tí ẹlòmíràn yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ti ọ̀gá, òkìkí ló fẹ́ máa fi ṣọ́ ọ.

Ní ọdún tí mo ń wí yìí, ọmọbìnrin ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti pé ọdún méjìlélógún. Ó ti kọ́ bí a ṣe ń gun yìnyín níbòmíràn, ó sì wá dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ bàbá rẹ̀. Inú ọ̀gá dùn. Ní ọjọ́ àjọyọ̀ wọn, tí àlejò dúró yíká ìdí àpáta, ó ní ọmọ yìí ni yóò di okùn òun mú, kí gbogbo ayé lè rí i pé òun kò gbàgbé ọ̀rẹ́. Ó tẹ̀ ba, ó ta kókó àkọ́kọ́, ó ki orí okùn bọ bẹ́líìtì. Ibẹ̀ ló dé tí ó fi rí ọwọ́ kan tó ń nà bọ̀ níwájú rẹ̀. Ó bèèrè ohun tí ọmọ náà ń wá.

"Kókó yín ni, Bàbá," ni ó wí. "Bí ẹ bá ta á tán, ẹ jẹ́ kí n fà á."

Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ba nǹkan jẹ́. Ọ̀gá ju okùn sílẹ̀, ó sì gbá ọwọ́ náà kúrò.

"Kí wọ́n tó bí ọ ni mo ti ń ta kókó yìí."

"Mo mọ̀, Bàbá. Bàbá tèmi náà ti ń ta á kí wọ́n tó bí mi."

Kò fi àfojúdi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n etí ẹni tí ẹ̀rín ti wọ̀ lára kì í gbọ́ràn. Ọ̀gá ní ọmọ náà kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Ó ní kí ó gba inú ilé lọ, kí ó lọ gbé omi tíì kaná fún àwọn àlejò, nítorí iṣẹ́ tó mọ̀ nìyẹn. Ọmọbìnrin náà wò ó díẹ̀, ó sì lọ. Ọ̀gá wá pe ọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan nínú ẹgbẹ́, ẹni tí kì í jiyàn, pé kí ó wá di okùn mú. Inú rẹ̀ ṣì ń ru. Ó fa kóòtù rẹ̀ wálẹ̀ bo bẹ́líìtì, ó sì ṣá àáké àkọ́kọ́ mọ́ yìnyín. Ife tíì ló gba ọkàn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tirẹ̀. Òun, ìbínú ló gbà á lọ́kàn, kò sì rántí pé òun kò tíì dá orí okùn padà.

Kò tíì lọ jìnnà tí ó fi gbọ́ tí ọkùnrin ilẹ̀ wúkọ́, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó bojú wo ilẹ̀ pẹ̀lú ojú tó le, ọkùnrin náà sì tẹ orí ba. Ọ̀gá bá tirẹ̀ lọ. Kò tíì gun òkè dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Yìnyín náà le, ohùn rẹ̀ sì kún lẹ́nu àáké, àmì pé kò ní ihò nínú. Ó ń rò ó lọ́kàn pé bí òun bá sọ̀ kalẹ̀, òun yóò sọ fún ọmọ náà lójú gbogbo ènìyàn pé òun gun òkè yìí dé òpin láìjẹ́ pé ó fa kókó òun. Nígbà tó dé abẹ́ òrùka irin, ó gbé àáké kan sókè, àwọn àlejò sì pàtẹ́wọ́. Ó ké sí ọkùnrin tó wà nílẹ̀ pé kí ó fa okùn, kí òun máa bọ̀. Ọkùnrin ilẹ̀ bi í bóyá gbogbo nǹkan wà létòlétò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìbéèrè náà sú ọ̀gá. Ó ní kí ó fa okùn. Ó yọ àáké méjèèjì, ó ju ara sẹ́yìn, okùn náà sì yọ kúrò nínú bẹ́líìtì rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Òkìtì yìnyín rírọ̀ tí afẹ́fẹ́ gbá jọ sí ìdí àpáta ló gbà á. Bí kì í bá ṣe ìyẹn, orúkọ kejìlá ni wọn ì bá kọ. Ìbàdí rẹ̀ fọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì kán. Ọmọ tí ó lé lọ kaná tíì ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sínú yìnyín, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mú kí ọrùn rẹ̀ má baà yí, títí wọ́n fi gbé e lọ. Ó rí bẹ́líìtì náà.

Dókítà sọ fún ọ̀gá pé yóò rìn, ṣùgbọ́n kò ní gun nǹkan kan mọ́ láyé. Ṣé o rò pé ọgbọ́n ti dé nìyẹn? Kò tíì dé o. Gbogbo ẹni tó wá kí i lórí ibùsùn ni ó ń sọ fún pé ẹnu ọmọbìnrin yẹn ló da ọkàn òun rú. Nígbà tí ọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ náà gbé àpò èso wá, ọ̀gá kọjú ẹjọ́ sí òun náà.

"Ìwọ lo di okùn mi mú. Ojú rẹ wà lára mi láti ilẹ̀ dé òkè. Báwo ni o kò ṣe rí i?"

Ọkùnrin náà kó èso jáde sórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, títí àpò fi ṣófo.

"Mo rí i, Bàbá."

Ọ̀gá rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. Ọkùnrin náà kò gbé ojú sókè.

"Ẹ kò tíì gùn ju ìwọ̀n ènìyàn méjì lọ tí mo ti rí orí okùn tó ń fì lábẹ́ kóòtù yín. Mo la ẹnu. Ẹ wò mí. Mo wá wo ojú ẹsẹ̀ ọmọ yẹn nínú yìnyín, bí ó ṣe lọ tààrà sí ilé tíì. Mo pa ẹnu mi dé."

Láti ọjọ́ náà, ọ̀gá kò tún fi ẹnu ba ọmọbìnrin náà jẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ọ̀pá ló fi ń rìn dòní.

Ó dáa, Àwẹ̀ró. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ fún ọmọlúàbí, ṣùgbọ́n ààbọ̀ kò ní tó ọ lónìí, nítorí náà n óò sọ odindi. Ìwọ ni nọ́ọ̀sì àgbà ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé. Ìwọ lo fi ọwọ́ ara rẹ lẹ ìwé mọ́ ògiri níbẹ̀, pé ẹni méjì ni yóò jọ ka ara ìgò oògùn sókè kí wọ́n tó gún ọmọ kankan lábẹ́rẹ́. Nọ́ọ̀sì ọmọbìnrin tó dé lóṣù tó kọjá ní kí ẹ jọ kà á, o sì lé e lọ sí ilé ẹrù, kí ó lọ máa to òwú àti báńdéèjì. O wá jókòó síwájú mi láti àárọ̀, o ní kí n bá ọ pè é, kí n kìlọ̀ fún un kó máa bọ̀wọ̀ fún àgbà.

N kò ní kìlọ̀ fún un. Ìwọ ni mo ń kìlọ̀ fún. O ní àwọn yòókù mọ ọ̀wọ̀, pé wọn kì í bi ọ́ ní nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù nínú gbogbo ohun tí o sọ. Gbogbo wọn ló rí ibi tí o lé e lọ. Ọjọ́ tí ọwọ́ rẹ bá ṣì ìgò mú, wọn yóò rí i, wọn yóò wúkọ́, wọn yóò sì tẹ orí ba. Ìbàdí ara rẹ̀ ni ọ̀gá yẹn fi san ìgbéraga rẹ̀. Tìrẹ, ọmọ ọlọ́mọ ni yóò bá ọ san án.

Dìde. Iṣẹ́ ọ̀sán kò tíì bẹ̀rẹ̀. Lọ pè é kúrò nídìí òwú. Má sọ fún un pé o dárí jì í, nítorí kò ṣẹ̀ ọ́. Na ìgò náà sí i lójú gbogbo wọn, kí o sì ní kó kà á sókè.