Ìbínú Ìyá Àtọ́kẹ́ Létí Orísun

Nígbà láéláé, nígbà tí ìrókò àwọn baba wa ṣì wà nínú èso, Ìyá Àtọ́kẹ́ ń gbé ní abúlé kan tí orísun omi mímu rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Kò sí ẹni tí ó rí ìbínú rẹ̀ rí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó lọ pọnmi, ó sì bá ẹ̀gẹ́ tí Láṣebìkan, ọmọ àbúrò rẹ̀, rẹ sínú orísun náà. Omi ti ń rùn. Àwọn aládùúgbò dúró, wọ́n ń kùn lábẹ́lẹ̀, nítorí ẹnu Láṣebìkan mú. Inú bí ìyá. Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó wọ́ agbọ̀n ẹ̀gẹ́ náà jáde, ó sì ránṣẹ́ pe ẹni tí ó ni ín.

“Láṣebìkan, ṣé omi yìí ni ìyàwó rẹ yóò fi wẹ ọmọ tí ó bí lánàá?”

“Ìyá mi, ẹ̀yin náà ń bínú?”

“Mò ń bínú. Iná tí ń jó oko àti iná tí ń se ọbẹ̀, iná ni wọ́n. Ti ọbẹ̀ ni tèmi. Bọ́ sínú omi, kí o gbọ́n ọn.”

Láṣebìkan rẹ́rìn-ín ìtìjú, ó gbọ́n orísun náà títí omi tútù fi sun. Nígbà tí ó gòkè, ó rí ìyá tí ó ti gbé agbọ̀n ẹ̀gẹ́ náà rù, tí ó ń bá a gbé e lọ sí odò ìsàlẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í mu.

“Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí,” ni ìyá wí, “a ó fi òsì fà á mọ́ra. Ṣùgbọ́n tètè wá gbà á, ọrùn mi fẹ́ ṣẹ́.”

Kí ilé yín tutù, kí àwọn ọmọ yín má ṣàìní ẹni tí yóò bá wọn wí.