Ẹ̀yìn Tí Kò Gbọ̀n

Ọkùnrin kan wà tí kò sí ọkọ tí ó mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀ tó o ní gbogbo ìlú rẹ̀. Bí ó bá dọ̀bálẹ̀, àyà rẹ̀ a kan ilẹ̀, omijé rẹ̀ a sì máa kán sínú erùpẹ̀ bí òjò àkọ́rọ̀. Ó mọ oríkì àwọn àna rẹ̀ ju àwọn ọmọ ilé náà lọ. Àwọn aláwàdà a máa sọ pé ẹni tí ọkùnrin yìí bá ṣẹ̀ kò pàdánù, torí pé yóò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ àtàtà.

Àwẹ̀ró ni orúkọ ìyàwó rẹ̀. Láàrin ọdún méjì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó sá wá sí ilé bàbá rẹ̀. Ní àkọ́kọ́, ọkọ rẹ̀ tì í mọ́ yàrá fún ọjọ́ méjì, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò, ó lọ jó níbi ìkómọ. Lẹ́ẹ̀kejì, ó sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ti kú. Àwẹ̀ró fi ẹkún rin ọ̀nà dé ilé, ó bá ìyá rẹ̀ níbi tí ó ti ń ṣa ẹ̀gúsí. Nígbà tí wọ́n bi ọkọ léèrè ìdí rẹ̀, ó ní òun kàn fẹ́ rí bí ojú rẹ̀ yóò ṣe rí ni. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ń lọ aṣọ, ó ní kí ìyàwó wò ó bóyá áyọ́ọ̀nù ti gbóná. Ìyàwó ní kò tíì gbóná. Ọkọ gbé áyọ́ọ̀nù náà lé e lápá.

Àṣà kan wà ní ilé bàbá Àwẹ̀ró. Bí ọkọ bá ṣẹ ọmọ wọn, yóò kó àwọn àgbà ìdílé rẹ̀ wá, yóò sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Obìnrin tí ó dàgbà jù nínú àwọn ọmọ tí a bí sí ilé náà ni yóò gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn. Bí ó bá ti wí pé “Dìde,” ọ̀rọ̀ parí. Ìyàwó yóò gbé ẹrù, yóò tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ lọ. Inú yàrá ni ìyàwó máa ń wà títí ẹ̀bẹ̀ yóò fi tán, torí wọ́n ní kò yẹ kí aya rí ọkọ rẹ̀ lórí ilẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá Àwẹ̀ró lóbìnrin ni ọwọ́ náà tọ́ sí. Ìyá Àgbà ni gbogbo ilé ń pè é. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìtàn ilé wà: ẹni tí ó bí ẹnìkan, ẹni tí ó fẹ́ ẹnìkan, ẹni tí ó bá ẹnìkan jà àti ohun tí ó parí rẹ̀. Ó ti wí “Dìde” fún ọkọ mọ́kàndínlógún, kò sì lé ọ̀kan padà rí. Ó fi èyí ń yangàn. A máa wí pé, “Ilé tiwa kì í ní dálémosú.”

Nítorí náà, nígbà tí àwọn àgbà ìdílé ọkọ dé lẹ́ẹ̀kẹta, kò yà á lẹ́nu.

“Ìyá, ẹ tún rí wa o,” ni olórí wọn wí.

“Mo rí yín. Koríko kò ní hù lójú ọ̀nà ilé wa mọ́ nítorí yín.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà nà gbalaja. “Ìyá mi, iṣẹ́ èṣù ni. Ẹ má wo ti ìwà òmùgọ̀ mi.” Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, omijé ń ṣàn.

Ní ìgbà méjì àkọ́kọ́, orí ìka ni Ìyá Àgbà fi kàn án. Lọ́jọ́ yìí, orúnkún ń dùn ún, ó fi ara ti ọkùnrin náà, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá rí i pé aṣọ rẹ̀ gbẹ. Ẹ̀yìn náà ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀, jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹ̀yìn ẹni tí ó yó tí ó ń sinmi lábẹ́ igi. Ẹnu ń sunkún, ara ń sinmi.

Ìyá Àgbà rántí àwọn ẹ̀yìn tí ó ti gbé ọwọ́ lé. Ó rántí ọkọ àbúrò rẹ̀ tí ó gbá ìyàwó rẹ̀ létí: òógùn rin ẹ̀wù rẹ̀ gbingbin, ọkàn rẹ̀ ń lù bí ọmọ odó, nígbà tí wọ́n sì ní kí ó dìde, èèyàn méjì ni ó gbé e. Kò gbá a mọ́ títí ó fi kú. Kódà àwọn tí ó wá parọ́, ẹ̀yìn wọn gbọ̀n. Ẹ̀rù ń bà wọ́n kí irọ́ wọn má baà tú.

Kò wí “Dìde.” Ó bi í pé, “Ọkọ ọmọ mi, nígbà tí Àwẹ̀ró ké, kí ni ó ṣe ọ́?”

Ọkùnrin náà gbé orí sókè díẹ̀, ó wo ojú ìyá náà bí akẹ́kọ̀ọ́ tí ń wo síléètì ẹlòmíràn.

“Ìbànújẹ́, Ìyá.”

Ojú Ìyá Àgbà kò yí padà.

“Ẹ̀rù ni?” ni ọkùnrin náà wí. Ó tún wo ojú rẹ̀, ó wí pé, “Àbí ìtìjú?”

Ìyá Àgbà dìde, ó ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kì í ṣe nígbà tí ẹ̀bẹ̀ ń lọ lọ́wọ́: ó wọ yàrá lọ bá ìyàwó. Ó bá Àwẹ̀ró tí ó jókòó sórí ẹrù rẹ̀, ó ti wọ bàtà.

“Ta ni ó ní kí o di ẹrù?”

“Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti mọ bí ó ṣe ń parí, Ìyá.”

“Kí ni ìwọ fẹ́?”

Àwẹ̀ró wò ó. “Ẹ kò bi mí rí.” Lẹ́yìn náà ó ní, “Bí mo bá ń sunkún, ṣe ni ó máa ń wò mí bí ẹni tí ń wo eré. Bí mo bá bá a lọ lónìí, Ìyá, ẹ kò ní rí mi lẹ́ẹ̀kẹrin.”

Ìyá Àgbà jáde. “Mo ti dárí jì í,” ni ó wí. “Ẹ máa mú ọmọ yín lọ. Ọmọ tiwa kò bá a lọ.”

“Ìyá! A kì í bẹ àgbà kí àgbà kọ̀,” ni olórí àwọn àgbà wí.

“Àgbà kò kọ̀. Ẹ̀bẹ̀ yín dé ọ̀dọ̀ mi. Ọmọ ni kò ní dé ọ̀dọ̀ yín.”

Bàbá Àwẹ̀ró, tí ó jókòó nítòsí, rẹ ohùn sílẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, wọn yóò máa pè é ní dálémosú.”

“Kí wọ́n máa pè é. Ẹni tí ó wà láàyè ni à ń pè lórúkọ.”

Ọkùnrin náà dá ara rẹ̀ dìde. Kí ó tó nàró, ojú rẹ̀ ti gbẹ. Ó gbọn erùpẹ̀ kúrò láyà, ó ní, “Ó dáa, ṣé kí a máa lọ kí oòrùn tó mú?” Olórí àwọn àgbà rẹ̀, tí ó ti bá a bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, wò ó títí. Nígbà náà ni baba arúgbó yẹn bú sẹ́kún, kò sì jẹ́ kí ó bá òun rìn lọ sílé.

Ìwọ tí o ń gbọ́, má fi àkàwé yìí pe gbogbo ẹni tí ó bá ṣẹ̀ ní ẹni burúkú. Ọ̀pọ̀ ọkọ ni ó ṣẹ̀ tí ó ronú pìwà dà. Ṣùgbọ́n mọ̀ pé àwọn kan wà láyé tí ìrora ẹlòmíràn kì í rí ibi wọ̀ sí lára wọn. Àwọn onímọ̀ ní àìsàn ìwà ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ara ọmọ rẹ ni a ó fi wò ó sàn. Wọ́n mọ ọ̀rọ̀ tí à ń sọ bí a bá kábàámọ̀, wọ́n mọ ojú tí à ń ṣe, wọ́n sì ń rí ohun tí ìwọ fẹ́ gbọ́ lójú rẹ kí o tó sọ ọ́. Ìgbéraga ẹni tí ó fẹ́ràn kí a máa bẹ òun ni ó ń bá wọn ṣiṣẹ́. Ìdáríjì lọ́tọ̀, ìdápadà lọ́tọ̀.

Bí ọmọ rẹ bá sáré wọlé lọ́la, má tíì ro ohun tí ìlú yóò wí. Ti ilẹ̀kùn, jókòó tì í, kí o bi í ní ohun tí ojú rẹ̀ rí. Kí ẹni tí ó wà níta dúró ná.