Kẹ̀kẹ́ Tó Ń Pín sí Méjì

Ọkùnrin kan wà, wẹ́dà ni, tó ń fi kẹ̀kẹ́ ológeere pa ará ìlú rẹ̀ lẹ́rìn-ín. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń jó irin wọn pọ̀. Ọ̀kan wà tí táyà rẹ̀ rí bí ẹyin, tó ń mú ẹni tó gùn ún tọ bí ọ̀pọ̀lọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí gbogbo ènìyàn fẹ́ràn jù ni èyí tó ń pín sí méjì. Òun àti ìyàwó rẹ̀ a jọ gùn ún wọ pápá. Tó bá di àárín eré, kẹ̀kẹ́ á já, ọkọ á máa fi táyà iwájú lọ, ìyàwó á máa fi tẹ̀yìn lé e, títí wọn á fi tún fi ìkọ́ so ó pọ̀.

Nígbà tó yá, ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra ga. Nígbà tí ọdún ìlú kù sí dẹ̀dẹ̀, ó ní, “Ìyá Àyọ̀ká, jókòó sílé lọ́tẹ̀ yìí. Èmi ni wọ́n ń wá wò.”

Ọ̀rọ̀ náà dun obìnrin náà. Àmọ́ kò jókòó sílé. Ó lọ dúró láàárín èrò.

Ọkùnrin náà wọ pápá níwájú ọba. Kẹ̀kẹ́ já. Abala ẹ̀yìn yí lọ fúnra rẹ̀, ó sì ṣubú sẹ́bàá àga ọba. Ẹ̀rín gba pápá kan. Inú ọkùnrin náà dùn, àfìgbà tó rántí pé ara abala ẹ̀yìn ni bíréèkì wà. Bó bá ṣíwọ́ títẹ pẹ́dà, yóò ṣubú. Ó ń yí pápá ká bí adìẹ tí wọ́n ń lé, òógùn bò ó, kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní eré, àfi ẹnì kan.

Ìyàwó rẹ̀ ká ìró sókè, ó gbé abala ẹ̀yìn nílẹ̀, ó gùn ún.

“Bàbá Àyọ̀ká, ẹ má sọ̀ o. Mo ń bọ̀ lẹ́yìn yín.”

Ojú ti ọkọ. Ó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan bí ẹni tó fẹ́ sá fún un. Lẹ́yìn náà ló dẹ ẹsẹ̀. Obìnrin náà bá a, ìkọ́ kọ́ ìkọ́, wọ́n sì jọ wà á kọjá níwájú ọba, tí ọba ń fi ìrùkẹ̀rẹ̀ nu omijé ẹ̀rín.

“Ìyá Àyọ̀ká, o ṣé,” ni ọkọ wí láìbojú wẹ̀yìn.

“Ẹ máa wo iwájú yín,” ni ìyàwó dá a lóhùn. Òun náà ti ń rẹ́rìn-ín.

Arákùnrin mi, mo gbọ́ pé o lé àbúrò rẹ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù tí ẹ jọ dá sílẹ̀, nítorí pé orúkọ tìrẹ ni oníbàárà ń pè. Mo sì gbọ́ pé ó wá kí ọ lánàá, o ní kí wọ́n sọ pé o kò sí nílé. Kò wá fi ọ́ ṣẹ̀sín. Ó rí i pé iṣẹ́ náà ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn ni. Dìde, lọ bá a nílé rẹ̀, kí o sì jẹ́ kó ràn ọ́ lọ́wọ́.